Ìgboyà Nìkan Ò Tó: Ọ̀rọ̀ lórí Margaret Maughan, Olùkọ́ àti Tafàtafà

Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni Margaret Maughan, obìnrin olùkọ́ kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló jókòó sí tó fi ta ọfà ní ìlú Róòmù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Òun ló kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà fún Bìrìtéènì nínú ìdíje tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Paralympics. Tí wọ́n bá ń ròyìn irú ẹni bẹ́ẹ̀, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ máa ń já sí: wọ́n á ní ó láyà, wọ́n á ní kò jẹ́ kí ìṣòro borí òun, wọ́n á sì gbà wá níyànjú pé ká fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ ìdajì òótọ́ ni, ìdajì tó kù ló sì wúlò fún wa jù. Àyà tí Margaret Maughan ní ò pọ̀ sí i, kò sì dín kù, bó ṣe ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Síbẹ̀, ohun tó ṣeé ṣe fún un ń yí padà bí ètò ibẹ̀ bá ṣe rí. Níbi tí wọ́n ti ro ti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ mọ́ ètò wọn, ó gba wúrà. Níbi tí wọn ò ti ro tirẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń gbé e bí ẹrù. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi ìtàn ayé rẹ̀ ṣe àlàyé rẹ̀, mo sì fẹ́ dáhùn àwọn àtakò tó lè wá sí yín lọ́kàn bí ẹ ti ń gbọ́ ọ.

Ọdún 1928 ni wọ́n bí i, ní Lancashire, lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, iṣẹ́ ọ̀hún ló sì gbé e dé Nyasaland ní Áfíríkà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Màláwì lónìí, tó ṣì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn. Ibẹ̀ ló wà lọ́dún 1959 tí ìjàǹbá ọkọ̀ fi ṣẹlẹ̀ sí i. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ló fara gbá a jù, láti ìgbà náà ni ìdí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ ò sì ti gbéra mọ́. Ó yẹ ká mọ ohun tí irú ìpalára yìí jẹ́. Okùn iṣan kan wà tó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá. Òun ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀, òun náà ló ń mú ìròyìn ẹsẹ̀ padà wá fún ọpọlọ. Tí okùn yìí bá já tàbí tó fọ́, ẹsẹ̀ ò ní gbọ́ àṣẹ mọ́, ara ò ní mọ ìgbà tí ibi tó fi jókòó ti ń bó, àpò ìtọ̀ náà ò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó tú. Ẹ wá wo ohun tó kù: ọwọ́ wà níbẹ̀, ohùn wà níbẹ̀, ojú ń ríran, làákàyè pé. Gbogbo irinṣẹ́ tí olùkọ́ fi ń kọ́ni ló wà lára rẹ̀ láìyingin. Ṣùgbọ́n kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, kì í sábà sí ẹni tó ń ro ti ohun tó kù yìí. Egbò tí àìyíra ń dá sí ìdí àti ẹ̀yìn, pẹ̀lú àrùn tó ń gba ojú ìtọ̀ wọ inú kíndìnrín, ló ń pa ọ̀pọ̀ jù lọ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́ pa wọ́n. Àwọn oníṣègùn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e padà sílé ni Stoke Mandeville, nítòsí ìlú Aylesbury. Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ní oṣù Kejì ọdún 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ẹ̀ka kan síbẹ̀ fún àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bá bà jẹ́, wọ́n sì fi í sábẹ́ oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Ludwig Guttmann. Júù ni Guttmann, ọmọ Jámánì, ó sì sá wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1939 nítorí inúnibíni ìjọba Hitler. Kò ní oògùn tó lè so okùn ẹ̀yìn tó já. Ohun tó ṣe ni pé ó pa á láṣẹ kí wọ́n máa yí aláìsàn padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, kí ẹ̀gbẹ́ kan má bàa bó. Ó sì fọwọ́ gidi mú ìmọ́tótó ojú ìtọ̀. Ẹ ò rí i pé kò sí idán níbẹ̀? Aago ni, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni, omi àti ọṣẹ ni. Ohun tó sọ ọ́ di ńlá ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu pé ẹ̀mí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbéra mọ́ yẹ ní jíjí sí láàárín òru, kó tó wá yan ẹni tí yóò jí. Nígbà tí Margaret Maughan fi máa dé ibẹ̀, ọdún 15 ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ti là sílẹ̀ ló bọ́ sí.

Àwọn kan lè sọ pé, ó dáa, ẹ ti gbẹ̀mí rẹ̀ là, kí ni ti eré ìdárayá níbẹ̀? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tí kò lè rìn ń wá oúnjẹ àti iṣẹ́, kì í ṣe ọfà títa. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní Stoke Mandeville gan-an ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ gbé ara rẹ̀ ró, apá àti èjìká ni yóò máa fi ṣe ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe: apá ni yóò fi bọ́ sórí ibùsùn, apá ni yóò fi bọ́ sínú ọkọ̀, apá ni yóò fi yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń fa ọrun lójoojúmọ́, èjìká rẹ̀ á le, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró, èémí rẹ̀ á jinlẹ̀, á sì kọ́ bí a ṣe ń jókòó láìṣubú. Ìdí nìyí tí Guttmann fi ka eré mọ́ oògùn. Kò sì fi mọ sórí eré: wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àtúnṣe aago, wọ́n ń kọ́ ìwé títẹ̀. Ohun tí Guttmann ń wí ni pé ẹni tí wọ́n ti sọ̀rètí nù nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lọ́dọ̀ òun di ẹni tó ń san owó orí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1948, ọjọ́ tí wọ́n ṣí Olympics ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an, ó kó eléré 16 jọ sórí pápá ilé ìwòsàn náà, ọkùnrin 14 àti obìnrin 2, wọ́n bá ara wọn díje nínú ọfà títa. Lọ́dún 1952, àwọn ará Netherlands wá bá wọn, ó sì di ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 1960, wọ́n gbé e lọ sí Róòmù, ní ìlú tí Olympics ti ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká wá fojú sílẹ̀ wo Róòmù dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí mo ń wí ti hàn kedere. Nǹkan bí 400 eléré ló wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 20. Bàálù tó gbé àwọn ará Bìrìtéènì ò ní ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè ni wọ́n fi gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibùdó àwọn eléré, wọ́n rí i pé orí òpó ni wọ́n kọ́ àwọn ilé náà lé, àtẹ̀gùn ni èèyàn sì gbọ́dọ̀ gùn kó tó wọlé. Ni wọ́n bá pe àwọn ọmọ ogun Ítálì. Àwọn sójà yìí ló ń gbé eléré tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n ń gbé wọn gòkè wọ́n ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, láàárọ̀ tí wọ́n bá ń lọ sí pápá àti lálẹ́ tí wọ́n bá dé. Àwọn sójà ọ̀hún ṣe é tọkàntọkàn, kò sì sí ohun tí a fẹ́ fi bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Obìnrin tí apá rẹ̀ le débi pé ó fẹ́ gba wúrà lágbàáyé, tí kò lè dá wọ yàrá tó ń sùn. Ṣé nítorí pé kò láyà ni? Ṣé ara rẹ̀ ló wá bà jẹ́ sí i nígbà tó kúrò ní pápá? Àtẹ̀gùn díẹ̀ tí ayàwòrán ilé yà láìro ti ẹnikẹ́ni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ni. Ká ní wọ́n ṣe ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan síbẹ̀ ni, àwọn sójà náà ì bá máa wòran lórí pápá bí àwọn yòókù.

Ìdíje tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde ni èyí tí àwọn tafàtafà ń pè ní Columbia. Ọfà 72 ni wọ́n ń ta níbẹ̀: wọ́n á ta 24 láti àádọ́ta yáàdì, wọ́n á súnmọ́ ọn sí ogójì, wọ́n á ta 24 mìíràn, wọ́n á tún bọ́ sí ọgbọ̀n, wọ́n á ta 24 tó kù. Ẹni tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ á fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ilẹ̀ nígbà tó bá ń fa ọrun. Ẹni tó jókòó, tí ìdí rẹ̀ ò sì gbọ́ àṣẹ, apá àti èjìká ló máa fi fà á, òun kan náà ló sì máa fi di ara rẹ̀ mú kó má bàa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́ẹ̀méjìléláàádọ́rin. Margaret Maughan ta tirẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó sọ fún un bó ṣe ṣe sí. Àwọn tó ń kọ àmì sílẹ̀ kọ tiwọn, wọ́n sì kó ìwé wọn lọ. Ó ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbé wọn padà sí ibùdó kí ẹnì kan tó sáré dé tó ń bèèrè pé níbo ni Margaret Maughan wà. Ó ti gba wúrà, wọ́n sì fẹ́ fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ni wọ́n bá tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gba wúrà fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ti gbà á, torí ètò ìdíje ò tí ì gbọ́n débi tí wọ́n fi ń kéde àbájáde fún ẹni tó díje. Ẹ fi èyí wé ariwo tó sọ lórí Olympics nílùú kan náà ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú.

Ní Róòmù yìí kan náà, ó gba wúrà kejì, nínú odò wíwẹ̀. Òun nìkan ló sì wà nínú ìdíje náà ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Ibí ni àwọn aláríwísí ti máa ń rí ohun sọ. Wọ́n á ní kí ni ìyìn ẹni tó sá eré òun nìkan tó gba ipò kìíní? Èmi ò ní jà fún wúrà yẹn pé ó ṣòro ju bó ṣe rí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ló dé tí òun nìkan fi wà níbẹ̀. Ṣé òun nìkan ni obìnrin tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bà jẹ́ ní gbogbo ayé lọ́dún 1960? Rárá o. Àwọn yòókù wà lórí ibùsùn nílùú tí kò ní Stoke Mandeville. Òmíràn wà nínú ilé tí wọ́n ti fi í pamọ́. Òmíràn ti kú nítorí egbò tí ẹnikẹ́ni ò yí i padà kó má bàa dá. Omi tó ṣófo lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe ẹ̀rí pé eré ọ̀hún kò níyì. Ẹ̀rí iye èèyàn tí ètò kò kàn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka wúrà kejì yìí sí ẹ̀rí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ènìyàn kan lè ṣe, ìkejì ń sọ iye àwọn tí kò tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti lè gbìyànjú.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà nínú àwọn ọdún tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn Róòmù, Tokyo gba àwọn eléré wọ̀nyí lálejò lọ́dún 1964, lẹ́yìn Olympics tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Lọ́dún 1968, Mẹ́síkò gba Olympics ṣùgbọ́n kò gba ti àwọn akàndá ẹ̀dá. Ísírẹ́lì ló bá wọn gbà á. Lọ́dún 1972, Munich ṣe Olympics, wọ́n sì darí àwọn oníkẹ̀kẹ́ sí Heidelberg. Lọ́dún 1976, Olympics wà ní Montreal, tiwọn wà ní Toronto. Lọ́dún 1980, Moscow ò gbà wọ́n rárá, Arnhem ní Netherlands ló gbà wọ́n. Margaret Maughan gba wúrà ní Heidelberg, nínú eré kan tí wọ́n ti ń fi ọrun àti ọfà ta ojú àmì tí wọ́n yà bíi ti dáàtì. Ó tún gba wúrà ní Arnhem, nínú eré bọ́ọ̀lù yíyí lórí koríko. Ogún ọdún ló wà láàárín wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìgbẹ̀yìn. Nínú ogún ọdún yẹn, ara rẹ̀ ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń borí. Àwọn ìlú ńlá tó ní pápá, tó ní owó, tó ní ilé ibùdó, ló ń rí àwáwí ṣe. Tó bá jẹ́ pé ìṣòro yìí wà lára àwọn eléré ni, kí ló dé tí Róòmù àti Tokyo fi lè ṣe é, tí àwọn tó tẹ̀lé wọn kò fi lè ṣe é? Ìgbà tó di 1988, ní Seoul, ni wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo pápá kan náà pẹ̀lú Olympics. Ìgbà tó di 2001 ni àjọ Olympics àti àjọ Paralympics tó fọwọ́ sí i pé ìlú tó bá fẹ́ gba ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba èkejì. Àwọn eléré ò yí padà lọ́dún yẹn. Ìwé àdéhùn ló yí padà.

Ẹnì kan lè bínú sí mi níbí pé mo ń gba iyì obìnrin náà lọ́wọ́ rẹ̀, pé mo ń fún ilé ìwòsàn, àtẹ̀gùn àti ìwé àdéhùn ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Rárá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba Stoke Mandeville kọjá tí wọn ò dé Róòmù, kò sì sí ètò tó ń bá ni fa ọrun. Àárín ìjàǹbá rẹ̀ àti wúrà rẹ̀ kò pé ọdún méjì; ẹni tó bá rò pé eré ni ìyẹn, kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní láti ṣiṣẹ́ náà jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọfà títa fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí èyí, nítorí ó wà lára àwọn eré díẹ̀ tí ẹni tó jókòó lè bá ẹni tó dúró ta kan. Neroli Fairhall, obìnrin ará New Zealand kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, bá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn díje nínú eré àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth ní Brisbane lọ́dún 1982, ó sì gba wúrà. Lọ́dún 1984, ó kópa nínú Olympics gan-an ní Los Angeles. Òfin eré náà ò dí i lọ́wọ́, pápá rẹ̀ tẹ́jú, ibi tí wọ́n ti ń ta ọfà ò ní àtẹ̀gùn. Àwọn baba wa sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Kò sí ara tí kò ní ibi tó mọ. Ibi tí a gbé nǹkan sí ló ń sọ ara ta ni yóò tó o.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, wọ́n ṣí Paralympics ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú pápá tí wọ́n ti ṣe Olympics tán. Joe Townsend, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá ogun Afghanistan lọ, fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Ó gbé e fún David Clarke, agbábọ́ọ̀lù tí kò ríran, Clarke sì gbé e fún Margaret Maughan tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 84 ni. Òun ló tan iná ìdíje náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan lèyí, nítorí iná tó tàn yẹn tàn fún àwọn ọmọ tiwa náà. Nínú ìdíje yẹn, Yakubu Adéṣọ̀kan gbé irin 180 kìlógíráàmù, ó sì gba wúrà. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gba fàdákà níbẹ̀, ó wá lọ gba wúrà nínú ìdíje Tokyo tó wáyé lọ́dún 2021, ó sì tún gba wúrà mìíràn ní Paris lọ́dún 2024, níbi tó ti gbé irin 167 kìlógíráàmù. Àmì ẹ̀yẹ wúrà mẹ́fà ni Nàìjíríà kó bọ̀ láti Paralympics Lọ́ńdọ̀nù náà. Nínú Olympics tó ṣáájú rẹ̀ nínú pápá kan náà, ọwọ́ òfo ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn mú padà wálé. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀lé àtẹ́wọ́ ni pé nígbà tí irú àwọn akọni bẹ́ẹ̀ bá délé, ṣé wọ́n lè dá wọ báńkì, ṣé wọ́n lè dá dé ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, àbí a máa bá wọn wá sójà bíi ti Róòmù?

Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá lọ́dún 2011. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé láti 2024. Àtakò tí a máa ń gbọ́ ni pé owó dà? Wọ́n á ní ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń tọ̀ kò dáa, ta ló ń sọ ti kẹ̀kẹ́? Òótọ́ ni pé owó ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ́lé mọ̀ pé àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Sìmẹ́ǹtì ni, yanrìn ni, owó bíríkìlà ni. Tí wọ́n bá ro ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán ilé, díẹ̀ ló máa fi lé owó ilé. Ìgbà tí wọ́n bá kọ́lé tán tí wọ́n wá ń fọ́ ọ ni owó ń pọ̀. Nítorí náà, àìlówó lè jẹ́ àwíjàre fún ilé tí wọ́n kọ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Kò lè jẹ́ àwíjàre fún èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Tí ọ̀nà bá sì dáa fún kẹ̀kẹ́, ó dáa fún aboyún, ó dáa fún ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ó dáa fún alábàárù tó ń ti ọmọlanke.

Àtakò tó kẹ́yìn kì í ti ẹnu aláìnífẹ̀ẹ́ wá. Ẹni tó láàánú ló máa ń sọ ọ́: pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a léṣinṣin. Wọ́n á fún akàndá ẹ̀dá ní owó lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á sì kọjá. Àdúrà dára, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Àmọ́ nínú ìtàn tí a gbọ́ yìí, ọwọ́ ènìyàn ni eṣinṣin ọ̀hún fi kúrò: nọ́ọ̀sì tó jí láàárín òru, oníṣègùn tó kọ̀ láti gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn tó jókòó kọ àdéhùn 2001. Ẹ jẹ́ ká fi ojú iṣẹ́ Margaret Maughan gan-an wo ọ̀rọ̀ tiwa. Olùkọ́ ni. Kí ni ilé ẹ̀kọ́ kan nílò kí olùkọ́ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tó lè kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀? Ẹnu ọ̀nà tó tẹ́jú. Kíláàsì tó wà nísàlẹ̀ dípò òkè. Pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n kàn mọ́ ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó lè dé. Ilé ìyàgbẹ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀. Kò sí èyí tó jọ ohun ìyanu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí èyí tí ìgboyà olùkọ́ náà lè ṣe dípò ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ òbí àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ni Margaret Maughan jáde láyé, ẹni ọdún 91. Tí a bá fẹ́ bọlá fún un, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboyà nìkan la ó máa wí. Ìyìn ìgboyà máa ń rọrùn lẹ́nu wa torí kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. A yin akọni tán, a padà sílé. Ètò ló ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ bèèrè ní ìpàdé tó ń bọ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín bí àwọn ohun mẹ́rin tí mo kà sílẹ̀ yìí bá wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ya àwòrán ilé, ẹ̀yin tó ń fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì ìjọba, òfin ti wà lọ́wọ́ yín. Bí akàndá ẹ̀dá kan bá sì wà ládùúgbò yín tó kàwé tán tí kò ríṣẹ́ olùkọ́ ṣe, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó láyà tó. Ẹ lọ ka iye àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà.